Òrùka Ìgbà Òtútù

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, mọ̀ pé téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó, n kì í sì í fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ tí n kò bá tíì wọn ẹni tó ni ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wọ̀n ọ́n: lọ́jọ́ tó gbé aṣọ wá, àti nígbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, torí ìyàwó tó ń sáré kiri máa ń rù, òmíràn sì máa ń sanra. Síbẹ̀, èmi yìí náà ni mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù òrùka kan ní London, tí wọ́n wọn ìka ìyàwó wa lẹ́ẹ̀kan péré, lówùúrọ̀ ọjọ́ tí òtútù ń bù wá jẹ, tí n kò sọ nǹkan kan.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ní kí n wá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń gbé Peckham. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹni tó fẹ́ fẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Ìbàdàn ni wọ́n fẹ́ ti ṣe ìdána àti ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, ní oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n London ni ó fẹ́ ti ra òrùka. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan tó dáa.” Irọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ nípa òkúta olówó iyebíye kò ju iyùn tí ìyá wa fi sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n n kò tíì dé London rí, mo sì gbà.

Oṣù kejì ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà a la Rye Lane kọjá láàárín iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òórùn ẹja gbígbẹ, títí mo fi gbàgbé pé òyìnbó ló nílùú. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye. Ní Blackfriars, orí afárá ni ibùdókọ̀ náà wà, odò Thames ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ orí omi náà sì gba abẹ́ gèlè mi wọlé sí mi létí. A tún wọ òmíràn dé Farringdon. Ìyàwó wa ti dúró síbẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi káàdì kàn kó tó ṣílẹ̀kùn, àwọn èèyàn sì ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì. Bí mo ṣe fà á dìde, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Mo rántí ìyẹn dáadáa nísinsìnyí.

Láti Farringdon, ẹ gba Greville Street, kò pẹ́ tí ẹ ó fi dé Hatton Garden. Ọgbà kankan kò sí níbẹ̀. Christopher Hatton, ìjòyè Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àdúgbò náà. Òrùka ni lọ́tùn-ún, òrùka ni lósì, iná funfun sì ń ta sí gbogbo wọn lórí. Ní ìkóríta Greville Street ni ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn olè gbẹ́ ògiri rẹ̀ wọlé nígbà Àjíǹde ọdún 2015. Àgbààgbà ni wọ́n, èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti lé ní ẹni 70 ọdún. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Èmi ń ronú bí bàbá àgbà yóò ṣe fi eegun 70 ọdún wọnú ihò ògiri.

£3,000 ló wà lọ́kàn àbúrò mi láti ná. Nínú ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ń tajà kò bi wá ní nǹkan kan ju iye tí àbúrò mi ń gbà lóṣù. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ nílé, pé owó oṣù méjì ni ọkùnrin gidi ń ná sórí òrùka. Ìpolówó ọjà ilé iṣẹ́ De Beers, tó ń ta dáyámọ́ǹdì, ló tan ọ̀rọ̀ yẹn kálẹ̀. Àwọn náà ló ni gbólóhùn pé dáyámọ́ǹdì wà títí láé, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Gerety kọ fún wọn ní 1947. Gerety fúnra rẹ̀ kò lọ́kọ rí. Bí oníṣu bá ń sọ iye iṣu tó yẹ kí ẹ jẹ lálẹ́ fún yín, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń wò. Mo fa àbúrò mi lápá jáde.

Orí òkè ilé kan la ti rí ẹni tó fún wa ní àga. Ìyá òyìnbó kan ni, gíláàsì kékeré tí wọ́n fi ń wo òkúta wà lọ́rùn rẹ̀ bí téèpù tèmi, bóyá ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi fà mọ́ ọn. Ó ní káráàtì dáyámọ́ǹdì kì í ṣe bí ó ti tóbi, bí ó ti wúwo ni. Márùn-ún ló ń jẹ́ gíráàmù kan. Káráàtì ti wúrà yàtọ̀ pátápátá: 18 túmọ̀ sí pé nínú ìdá 24, 18 ni wúrà, ìyókù jẹ́ irin mìíràn. Ó fi hàn wá nínú òrùka kan bí wọ́n ṣe tẹ 750 sí i pẹ̀lú orí àmọ̀tẹ́kùn, àmì ilé àyẹ̀wò London. Òfin wọn ti ọdún 1973 kọ̀ kí ẹnikẹ́ni pe òrùka ní wúrà níbẹ̀ láìsí irú àmì bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí kò bá wúwo tó gíráàmù kan.

Àwọ̀ ni mo ti jèrè jù. Láti orí lẹ́tà D ni wọ́n ti ń ka àwọ̀ dáyámọ́ǹdì, D ni kò ní àwọ̀ rárá, bó bá ṣe ń lọ sí Z ló ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà gbé D kan àti J kan kalẹ̀ lórí bébà funfun, mo rí ìyàtọ̀. Ó gbé wọn lé òrùka wúrà pupa, n kò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń ya funfun lésì mẹ́rin sọ́tọ̀ láì wo orúkọ wọn! Ìyàtọ̀ owó wọn sì tó ra ẹran màlúù ìnáwó. Gígé ni kí ẹ náwó sí, kì í ṣe àwọ̀. Òkúta tí wọn kò gé dáadáa yóò kú lójú bó ti wù kó tóbi, bí lésì olówó ńlá tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rán.

Ó tún gbé òkúta méjì ka iwájú wa, káráàtì kan kan, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wọn. Ọ̀kan wá láti inú ilẹ̀, wọ́n ṣe èkejì nínú ẹ̀rọ. Dáyámọ́ǹdì gidi ni méjèèjì, ojú lásán kò lè yà wọ́n, ṣùgbọ́n owó tí ó pè fún ti inú ilẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì lọ. Owó ti ẹ̀rọ náà ṣì ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rà á bí ẹni ra ilẹ̀. Ti inú ilẹ̀ pàápàá, ẹ gbé e padà lọ́sẹ̀ kejì kí ẹ wo iye tí wọn yóò san. Ó fún mi ní gíláàsì náà kí n fi wo etí òkúta: nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ni wọ́n fi iná kọ síbẹ̀, ó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí tìwé àti ti òkúta kò bá bára mu, ẹ dìde.

Mo bi í níbi tí wọ́n ti wa ti inú ilẹ̀ náà. Ó ní òun ní ìdánilójú pé kì í ṣe ibi ogun, pé ètò Kimberley, tó ń dènà dáyámọ́ǹdì ogun, wà láti 2003. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n òkúta tí wọn kò tíì gé ni ètò yẹn ń bójú tó, bó bá ti di òrùka, ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà àti ìwé rẹ̀ ló kù. Èmi sì dàgbà nítòsí bárékè. Mo mọ àwọn ìyàwó sójà tí ọkọ wọn bá ọmọ ogun ECOMOG lọ sí Sàró (Sierra Leone) nígbà tí wọ́n ń jagun lórí dáyámọ́ǹdì agbègbè Kono níbẹ̀, tí wọn kò padà wá. Àbúrò mi mọ̀ wọ́n pẹ̀lú. Ó ti ti òkúta inú ilẹ̀ sẹ́yìn kí n tó wo ojú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyàwó wa ti sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. N kò lè wọ òkúta kankan lọ síbi iṣẹ́.” Ní ọsibítù wọn, ẹni tó bá ń fọwọ́ kan aláìsàn kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ju òrùka pẹlẹbẹ kan lọ, torí kòkòrò àrùn máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta. Àbúrò mi dákẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fẹ́ra, kò sì bi í rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lo ọjọ́. A tún gbogbo ìṣirò ṣe: òkúta tí kò tó káráàtì kan, tí wọ́n rì mọ́ inú wúrà kó má fa aṣọ ya, kí owó tó kù ra òrùka pẹlẹbẹ tó nípọn, èyí tí yóò máa wọ̀ lójoojúmọ́. £1,400 ni ti olókùúta náà.

Ìyá òyìnbó mú ìdìpọ̀ òrùka bí ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́, lẹ́tà ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n níbẹ̀. L wọ ọwọ́ tó tutù bí omi àmù náà rẹ́gí. Inú gbogbo wa dùn. Mo ní kí wọ́n kọ rìsíìtì lórúkọ mi, torí mo ti gbọ́ pé àlejò máa ń gba owó orí ọjà padà ní pápákọ̀ òfurufú, 20 nínú 100. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti fi òpin sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti bá wọn jà díẹ̀. Wọ́n ti ra òrùka, wọn kò tíì mọ ibi tí wọn yóò ti fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Bí ó bá jẹ́ London, ọjọ́ 28 ó kéré tán ni wọn yóò ti fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà, ọjọ́ 21. Bí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí i ní London, kí wọ́n sọ fún pásítọ̀ Ìbàdàn kó tó tẹ ìwé ètò, torí ìdúpẹ́ àti ìbùkún ló kù tó lè ṣe fún wọn, kì í ṣe ìgbéyàwó tuntun. Mo tún ní kí àbúrò mi gba ìwé ẹrù ìdána lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ní kíákíá. Ó rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó rí i, ó bi mí bóyá iṣu 42 jẹ́ àṣìkọ.

Ní oṣù keje, mo gba Mọ́níyà àti Ìjàyè lọ sí Ìsẹ́yìn fún aṣọ òkè. Aláwọ̀ sányán ni wọ́n fẹ́. Òwú inú kòkòrò ni sányán gidi, ó ṣọ̀wọ́n, èyí tí a rí ní ọjà jẹ́ òwú tí wọ́n rẹ láró láti fara jọ ọ́. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀: ẹ ra òwú ọkọ, ìyàwó àti àwọn òbí lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ẹ bá padà wá fún fìlà lẹ́yìn oṣù kan, aró rẹ̀ ti yí.

Ọjọ́ ìdána pé. Oòrùn oṣù kọkànlá ń jó orí àtíbàbà. Alága ìjókòó kọrin títí ọwọ́ wa fi gbẹ nínú àpò. Ó ní kí ìyàwó mú ohun kan nínú ẹrù, ó yẹ iṣu sílẹ̀, ó yẹ àpótí sílẹ̀, ó mú Bíbélì, òrùka wa sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù so. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó tì í. Òrùka dé oríkèé ìka, ó dúró. Ó tún tì í. Alága ní, “Ọkọ, ṣé ìyáwó lẹ fi ra òrùka yìí ni?” Gbogbo àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Òógùn ń yọ lójú mi, téèpù mi sì wà nínú báàgì.

Ìyá àgbà kan láti ẹbí ìyàwó ló tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú òrí kékeré kan jáde, ó fi pa ìka náà. Òrùka wọlé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fọ́tò, òkúta náà rí bí ojú ẹni tó ń sunkún. Dáyámọ́ǹdì fẹ́ràn ọ̀rá. Ní ìlú Kimberley ní South Africa, níbi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ǹdì láyé àtijọ́, wọ́n máa ń da yẹ̀pẹ̀ àti omi gba orí tábìlì tí wọ́n fi ọ̀rá kùn, yẹ̀pẹ̀ á bá omi lọ, dáyámọ́ǹdì á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá.

Lálẹ́, a fi òrí náà bọ́ ọ jáde. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, mo fi ọṣẹ ìfọwo sí i, ìyàwó wa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ẹ̀yìn òkúta náà títí ó fi là. Ní ọjọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, òrùka pẹlẹbẹ wọlé wọ́ọ́rọ́. Ìyàwó wa fúnra rẹ̀ ló lọ wọn ìka fún ìyẹn, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ooru mú ní oṣù kẹjọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ní oṣù kìíní, ó fi fídíò kékeré kan ránṣẹ́ láti Peckham. Òjò dídì ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé, òrùka olókùúta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò yí i kiri. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí, “ó wọlé o.”