Ibùdókọ̀ Sangnoksu

Àlejò tí ó bá gúnlẹ̀ sí Kòríà Gúúsù, Seoul ni yóò kọ́kọ́ rò láti rí, nítorí ibẹ̀ ni ààfin àwọn ọba àtijọ́ wà. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá sí ìhà gúúsù, lọ sí Ansan. Kí ni wọn ó sì lọ wò níbẹ̀? Ìlú tí ìjọba dìídì tẹ̀dó ni, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ti há mọ́ Seoul lè rí ibi kó lọ. Ọdún 1986 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ìlú ńlá. Ilé alájà gogoro tí wọ́n jọra bí ìbejì ni ojú yóò máa rí. Ẹni tí ebi bá ń pa yóò rí oúnjẹ onírúurú orílẹ̀-èdè jẹ ní Wongok-dong, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ padà ti jẹun, ṣùgbọ́n kò tíì dé Ansan.

Ibùdókọ̀ kan wà ní ìlú náà tí a ń pè ní Sangnoksu, èyí tí ó túmọ̀ sí igi tí ewé rẹ̀ kì í rọ. Orúkọ ìwé ìtàn-àròsọ ni. Shim Hun ni ó kọ ọ́ ní 1935, nígbà tí àwọn ará Jàpáànù ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ Kòríà; inú ìwé-ìròyìn ni ó sì ti kọ́kọ́ jáde ní ìpín-ìpín. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó gbé gẹ̀gẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe jagunjagun. Olùkọ́ abúlé ni.

Choi Yong-sin ni ẹni tí òǹkọ̀wé náà wò kí ó tó dá ẹ̀dá-ìtàn yìí. Ní 1931 ni ó dé abúlé Saemgol, tí ó ti di ara Ansan báyìí, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà láti mọ èdè tiwọn kà, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ. Nínú ìtàn náà, àwọn ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí olùkọ́ dín iye ọmọ kù. Àwọn tí wọ́n tì síta gun igi, wọ́n ń yọjú wo ẹ̀kọ́ láti ojú fèrèsé. Olùkọ́ tí ó bá ka ibẹ̀ tí omi kò lé ròrò sí i lójú, a jẹ́ pé kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé inú. Oṣù kìn-ín-ní 1935 ni Choi kú, kò tíì pé ẹni ọdún 26. Sàréè rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdókọ̀ náà, ilé-ìrántí rẹ̀ sì wà nítòsí.

Ansan tí ó sọ ibùdókọ̀ lórúkọ nítorí olùkọ́ kan náà ni ó pàdánù akẹ́kọ̀ọ́ 250 ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2014, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Sewol rì bí wọ́n ti ń lọ sí erékùṣù Jeju. Ilé-ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọ́n ti wá. Wọ́n ti kó àga àti tábìlì wọn sí ilé-ìrántí kan nínú ìlú, wọ́n sì tò wọ́n ní yàrá-yàrá bí wọ́n ti wà nígbà tí àwọn ọmọ náà ń lò wọ́n. Òdòdó wà lórí àwọn tábìlì náà. Àga pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí àlejò tó jókòó.