Kan, náà, àti "a" àwọn ará Húngárì

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ nínú èdè Húngárì. "Egy" wà fún ohun tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ kò tíì mọ̀: "egy ház", ilé kan. "A" wà fún ohun tí òun náà ti mọ̀: "a ház", ilé náà. Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá fi ìró fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, "a" á di "az": "az orvos", dókítà náà. Kò sí akọ, kò sí abo. Bí ilé bá di mẹ́wàá, "a" kò ní yí padà. Ẹni tó bá kà á lójú ìwé á ní ṣé ìyẹn nìkan náà ni.

*

Ẹnu Yorùbá kò ní wàhálà pẹ̀lú "egy". "E" wọn yẹn, ẹ wa ni. "Gy" sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ j wa gẹ́lẹ́. Ẹ sọ "ẹj", wọ́n á gbọ́ yín.

*

Ta ni yóò wá fẹ́ kọ́ èdè yìí láti ìhà ọ̀dọ̀ wa? Àwọn ọmọ tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń lọ sí yunifásítì Debrecen, Szeged àti Pécs, àwọn mìíràn sì ń gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Stipendium Hungaricum tí ìjọba Húngárì dá sílẹ̀ ní 2013. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n màmá àgbà tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Fáj a fejem" ni yóò sọ, pé orí ń fọ́ òun. "A" wà nínú ìyẹn náà, nítorí "fejem" ni orí mi, ohun tó bá sì jẹ́ tèmi kì í ṣe ohun àìmọ̀. A kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí iwájú orí tiwa. Orí wa, àwa la ni ín, kò tún sí ohun tí a fẹ́ fi tọ́ka sí i.

*

Àjèjì ti bá àìsí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́dọ̀ wa rí. Ní àwọn ọdún 1850, òyìnbó ajíhìnrere méjì tí èdè abínibí wọn kò dọ́gba gbé ní Ìjàyè, lábẹ́ Kúrunmí, Ààrẹ ìlú náà. Ọ̀kan ni Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà, onítẹ̀bọmi. Èkejì ni Adolphus Mann, ọmọ Jámánì, tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán wá. Bowen gbé "the" kan ṣoṣo wá láti ilé. Mann gbé mẹ́ta wá, "der", "die" àti "das", wọ́n sì tún ń yí padà bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rìn. Wọ́n bá àwọn èèyàn tí kò lo ìkankan nínú wọn, tí ọ̀rọ̀ wọn sì yé ara wọn kedere. Bowen padà sí Amẹ́ríkà, ó sì kọ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858. Ṣáájú rẹ̀, ní 1852, gírámà ti Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti jáde. Ogun tú Ìjàyè ká ní 1862, ṣùgbọ́n ìwé méjèèjì ṣì wà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gírámà kì í kọjá lórí "kan" àti "náà" láì dúró díẹ̀.

Ní ayé Kúrunmí, bí ẹnikẹ́ni ní Ìjàyè bá sọ pé "Ààrẹ ń bọ̀", kò sí ẹni tí yóò béèrè pé Ààrẹ wo. Bí ohun kan bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lójú gbogbo ìlú, Yorùbá kì í fi nǹkan kan sí i. Ará Húngárì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọba kan ṣoṣo ni, "a király". Oòrùn kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ "süt a nap" ni wọ́n máa sọ pé oòrùn ràn.

*

Lójú oko, ẹni tó bá rí ejò kì í pariwo "ejò kan!" "Ejò!" ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn á béèrè pé, "Ibo ló gbà?" Ìgbà tí ọkàn bá ti balẹ̀, tí a ti mú igi lọ́wọ́, ni ẹnìkan á wá ní, "Ejò náà ti wọ abẹ́ ẹ̀gẹ́." Alálọ̀ọ́ ló máa ń rí àyè "kan": ọdẹ kan wà. Alálọ̀ọ́ Húngárì á ní "volt egy vadász". Láti gbólóhùn kejì lọ, tiwọn á di "a vadász", tiwa á di "ọdẹ náà", tàbí "ọdẹ" lásán.

*

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ wo mẹ́ta yìí: Mò ń kàwé. Mò ń ka ìwé kan. Mò ń ka ìwé náà. Ẹni tó ń kàwé kò ní ìwé kan pàtó lọ́kàn. Kíkà ló ń kà, a sì ti lẹ ìwé mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe títí tí wọ́n fi di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Húngárì náà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Könyvet olvasok": mò ń kàwé. "Olvasok egy könyvet": mò ń ka ìwé kan. "Olvasom a könyvet": mò ń ka ìwé náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ìwé fò lọ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe láìní "egy", láìní "a", ó sì fara mọ́ ọn bí ìwé tiwa ṣe fara mọ́ "kà".

Ẹ tún wò ó dáadáa, ẹ ó rí ohun tí tiwa kò ní. "Olvasok" ti di "olvasom". Ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ń sọ bóyá a mọ ohun tí à ń kà tàbí a kò mọ̀ ọ́n. "Keresek egy orvost": mò ń wá dókítà kan, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti jẹ́ dókítà. "Keresem az orvost": dókítà tí èmi àti ìwọ jọ mọ̀ ni mò ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé "a" síbẹ̀ tí kò yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ wọn, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni há "a" àti "egy" sórí ní àwọn nìkan. Inú gbólóhùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe wọn, ni kí wọ́n ti kọ́ wọn.

*

Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ nílé ìwé ló máa ń da ọmọ wa láàmú, kì í ṣe Yorùbá. "Olùkọ́ ni mí." Gẹ̀ẹ́sì á ní kí ó wá "a" sí i, Húngárì ní "tanár vagyok", ó tán. "Ilé méjì": Gẹ̀ẹ́sì á fi s sí ilé; Húngárì ní "két ház", ilé kò pọ̀ sí i, nítorí méjì ti sọ ọ́. Ẹni tó ń rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ á yege nínú méjèèjì.

Ó ku ibì kan tí ìyá rẹ̀ pàápàá kò lè gbà á. "Mo fẹ́ràn tíì": Yorùbá kò fi nǹkan kan sí i, Gẹ̀ẹ́sì náà kò fi sí i. Húngárì ní "szeretem a teát", bí ẹni pé gbogbo tíì ayé jẹ́ ohun tí a ti jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

*

Ọjà ni mo ti ronú kan èyí. Ẹni tó ní Yorùbá kò lo irú "a" bẹ́ẹ̀ rí, kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn aláta kó ra àlùbọ́sà. "Al-baṣal" ni Lárúbáwá ń pè é, "al" yẹn sì ni "a" tiwọn. Ó gba ọ̀dọ̀ Hausa kọjá sí ọ̀dọ̀ wa, a kò sì tú u sílẹ̀. Àlàáfíà àti àlùjànnú náà gbé tiwọn sínú. Láàárín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ pàápàá, Àlàmísì gbé l "al" dání, Àtàláátà kò gbé e, nítorí níwájú àwọn ìró kan, "al" àwọn Lárúbáwá máa ń jọ ìró tó bá kàn án. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré tó ń wo ojú aládùúgbò rẹ̀ kó tó yí ara padà, bí "a" àti "az", ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa láti ọjọ́ pípẹ́.

*

Ìró ni kí ẹ tẹ́tí sí, kì í ṣe lẹ́tà. Bí wọ́n bá kọ 5, "öt" ni wọ́n ń kà, nítorí náà "az 5". 2 jẹ́ "kettő": "a 2". Àwa, bí fáwẹ́lì méjì bá pàdé, a máa ń pa ọ̀kan jẹ: gbé ọmọ, gbọ́mọ. Àwọn fi z sáàárín. Tàbí kí n sọ pé wọ́n dá a sí, torí "az" ló ṣáájú; z ló jábọ́ níwájú kọ́ńsónáǹtì, àwọn ìwé àtijọ́ wọn sì máa ń fi àmì bí kọ́mà sókè ibi tó ti jábọ́.

*

"Az" ṣì ń jẹ́ "ìyẹn" títí di òní: "az a ház", ilé yẹn. "Egy" sì ni ẹyọ kan nígbà tí a bá ń ka nǹkan. Bákan náà ni "kan" tiwa. "Ẹ wọn kóńgò kan fún mi" ni oníbàárà ń sọ fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ẹyọ ló ń kà tàbí kóńgò kan ṣáá ló ń wá. Ìgbà tó bá rí i pé ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú ni yóò sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, kóńgò yìí kọ́."

*

Orúkọ ènìyàn kì í gba "a" nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe á ṣe bí ẹni pé ó wà níbẹ̀: "ismerem Pétert", mo mọ Péter. Lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, ẹ ó gbọ́ "a Péter". Àwọn olùkọ́ kò fẹ́ràn rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun má tíì dán an wò. Orúkọ ìlú kò gbà á, orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò gbà á. Odò ń gbà á: "a Duna". Èyí fi hàn pé bí ará Húngárì bá dé ìhà ọ̀dọ̀ wa tó fẹ́ sọ nípa omi wa, Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọbà, Ọya, gbogbo wọn ló máa gba "az".