Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Kì í Ṣe Èpè

Nígbà tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Dókítà ní Parkinson ni, irú èyí tó ṣe Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Nígbà tí apá oògùn ò ká a mọ́, wọ́n gbà fún iṣẹ́ abẹ tí Dókítà Benabid fi tọ́jú gbígbọ̀n ara ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, ní 1987: wáyà tín-ín-rín nínú ọpọlọ, bátìrì lábẹ́ awọ àyà, iná díẹ̀ tó ń mú ọwọ́ rọlẹ̀. Kò wo àìsàn náà sàn o, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti ń dá gbé ife tíì. Ẹ̀yin ọmọ, bí ọwọ́ bàbá yín bá ń gbọ̀n, ẹ má dákẹ́. Kí wọ́n tètè rí dókítà.