Èèkù

Ìka ìfábẹ̀lá mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fín ọ̀dà sára fágọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Nígbà tó di alẹ́, n kò lè fi ìka náà gé òkèlè iyán.

Kí ẹ tó ní kí n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe: mo máa ń fi páálí àti agolo sàdíìnì ṣe fágọ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú irin kéékèèké. Ìwọ̀n 1:87 ni mo ń lò. Ojú irin tó ti Kútọnu wá sí Parakou, kìlómítà 438, mítà kan ni ìbú rẹ̀. Lọ́dọ̀ mi ó di mìlímítà 11 àti àbọ̀, kò tó ìbú ìka tó ń dùn mí yẹn. Lórí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bo orí ìṣó mọ́lẹ̀. Ìka kan ṣoṣo tó ń tẹ bọ́tìnnì orí agolo ọ̀dà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìka bá gbọ̀n, ọ̀dà á tutọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Faransé wá mú èèkù kan wá fún mi. Ike lásán ni. Ó ní eyín tó ń gán etí agolo ọ̀dà, ó ní ibi tí a ń fà, bí a bá sì fà á, ahọ́n kékeré inú rẹ̀ á tẹ bọ́tìnnì fún wa. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wò ó láìlò ó. Mo ń rò ó: ní 1949 ni Edward Seymour rọ ọ̀dà sínú agolo ní Amẹ́ríkà. Bonnie ìyàwó rẹ̀ ló dá a lábàá. Kí ló dé tí kò sí ohun tí ọwọ́ máa dì mú lára rẹ̀? Àdá ní èèkù, ọ̀bẹ ní èèkù, ọkọ́ pàápàá ní tirẹ̀. Agolo tí Faransé ń pè ní bọ́ǹbù ló wá fi ìka kan ṣoṣo ṣe ẹrú.

Mo tún yí padà, mo gbè sẹ́yìn ìka. Bí ọ̀dà bá ń jáde, gáàsì tó jẹ́ omi nínú agolo ń di afẹ́fẹ́, ó ń fa ooru mọ́ra, agolo á sì tutù. Nígbà ọyẹ́, ẹ ó rò pé inú fìríìjì ni ẹ ti mú un. Bó bá ti tutù, agbára rẹ̀ á dín; ẹni tó mọ̀ ọ́n á gbé e sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ tó di agolo mú ló ń gbọ́ òtútù yẹn, ọwọ́ tó di èèkù mú kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti fẹ́ kọ àròkọ lé e lórí, bí èèkù ṣe ń sọ ọwọ́ di òpè. Orí mi ti ń wú.

Àfi ìgbà tí mo fà á. Mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ Bàbá mi ni mo rí.

Akunkọ̀ ni wọ́n, lójú ọ̀nà Djougou. Písítólẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lò: ọwọ́ wọn kì í tẹ̀, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀dà tó kan ara ọkọ̀, wọ́n á sì kọjá rẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá dúró ni ọ̀dà rẹ̀ ń sunkún. Aṣọ kan ni wọ́n máa ń dì mọ́ imú. Wọ́n ń wúkọ́. A ní ọyẹ́ ni, àní nínú òjò, ọyẹ́ náà ni. Wọn kò pé ọgọ́ta ọdún tí wọ́n fi lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ike ni èèkù tèmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Ọ̀dà ọkọ̀ tí wọ́n ń po mọ́ ohun tó ń mú un le sábà máa ń ní isocyanate nínú, èyí tó wà lára ohun tó ń fi ikọ́ fée ṣe àwọn akunkọ̀. Aṣọ lásán kò lè dá a dúró. N kò lè búra pé òun ló pa Bàbá. Kò sí dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo sì fi ń ṣàníyàn ìka, nínú yàrá olójú fèrèsé kan, níbi tí ọmọ mi ti ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ka fágọ́ọ̀nù.

Mo pe Màámi. Mo ní, "Màámi, aṣọ tí Bàbá máa ń dì mọ́ imú, báwo ló ṣe máa ń rí tí wọ́n bá dé lálẹ́?"

"Àwọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n bá kùn lọ́jọ́ náà ni."

"Ṣé ojú òde nìkan ni, àbí ojú tó kan imú náà?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fèsì.

"Tinú-tòde ni," wọ́n ní. "Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́."