Ọmọ tó ṣẹ́kù nílé

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù Sosoliso gbéra l'Abuja, ó já lulẹ̀ ní Port Harcourt. Ọmọ Loyola Jesuit College 61 ló wà nínú ẹ̀; ìsinmi Kérésì ni wọ́n ń lọ lò nílé. Kechi Okwuchi nìkan ló yè nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Àwọn àbúrò tó ń dúró dè wọ́n ni mo máa ń rò. Àwa Yorùbá, òbí la máa ń kí: "Ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á dáwọ́ aburú dúró." Ọmọ ọdún 15 ńkọ́? "Má sunkún lójú màmá ẹ." Ó tán. Nílé mìíràn, wọ́n á kó fọ́tò kúrò lára ògiri, ẹnikẹ́ni ò sì ní dárúkọ olóògbé mọ́.

Tí ọmọ yẹn bá wá rí ẹni tó wù ú, tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù lóru, àwọn àǹtí á ní ó ti tètè gbàgbé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Irọ́ ni o! Ó lè jẹ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló tíì bi í pé, "Irú èèyàn wo ni ẹ̀gbọ́n ẹ?" Èmi ò ní gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, àfi tó bá di aago méjì òru tí iléèwé sì wà láàárọ̀.