Àmánà Ni Ìwé Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àmánà ni, ó sì kan olúkúlùkù wa. Nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ 58, Ọlọ́hun Ọba pa á láṣẹ pé kí a dá àmánà padà fún àwọn tí ó ni ín. Èsì ìdánwò ọmọ, èsì àyẹ̀wò ara, ìwé owó oṣù: àmánà ni gbogbo wọn.

Àwa mélòó kan ni a jọ ṣètò bí àwọn òbí iléèwé wa yóò ṣe máa rí èsì ìdánwò ọmọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òbí yóò wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, yóò tẹ orúkọ ọmọ, èsì yóò sì ṣí nínú tab tuntun. A kò kó àwọn èsì náà sí gbangba. Inú àká ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Server ni ó ń wọ ibẹ̀, tí ó ń bu ìwé náà díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó béèrè, bí omi ṣe ń gba inú páìpù.

Kí server tó fi ìwé ránṣẹ́, ó máa ń sọ fún browser irú ìwé tí ó ń bọ̀ àti ohun tí yóò fi í ṣe. Bí ó bá ní "inline", browser yóò ṣí i sójú tab bí ó bá lè ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní "attachment", yóò fi í pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Èwo ni kí a mú? Àwọn kan nínú wa ní kí ó wọ inú fóònù, kí òbí lè kà á nígbà tí kò sí dátà. Àwọn yòókù ní rárá, ọ̀pọ̀ òbí ni kò ní ẹ̀rọ tiwọn: kàfé ni wọ́n ń lọ, tàbí kí wọ́n yá fóònù aládùúgbò. Ìyá kan ni ó là wá. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá kà á tán ní kàfé, ta ni yóò tún kà á lẹ́yìn mi?" Ẹnu wa wọhò.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A fẹnu kò pé kí èsì máa ṣí lójú tab, kí bọ́tìnì ìfipamọ́ sì wà fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ rẹ̀. Síbẹ̀, browser lè tọ́jú ẹ̀dà sí kọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe ní kí server fi "no-store" kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí ó ń sọ fún browser pé kí ó má tọ́jú ohunkóhun.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti ẹnu ọ̀nà. Bí àdírẹ́sì èsì ọmọ kan bá parí sí 145, tí ẹnì kan sì sọ ọ́ di 146 ńkọ́? Bí server kò bá béèrè ẹni tí ó ń kanlẹ̀kùn, èsì ọmọ ọlọ́mọ ni yóò gbé jáde. Súrátù Núúrù, ẹsẹ 27, kọ́ wa pé kí a má wọ ilé onílé láìgba àyè, láìsálámà. Pé àlejò ti wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ kò ní kí ó máa wọ gbogbo yàrá. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá béèrè ìwé, server wa gbọ́dọ̀ wádìí: ta nìyí, ṣé ọmọ rẹ̀ ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe fi ìwádìí yìí ṣeré. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lo ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, ẹ jáde pátápátá, ẹ pa tab dé, kí ẹ sì pa ẹ̀dà tí ẹ bá fi pamọ́ síbẹ̀ rẹ́. Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní olùṣọ́ àmánà. Àmín.