Harriet Wilson: Òǹkọ̀wé tí Ikú Ọmọ Rẹ̀ Jẹ́rìí Fún

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Harriet Wilson, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ju ogún ọdún lọ.

Ìlú Milford ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ni a bí i sí ní ọdún 1825. Aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, ìyá fi ọmọ sílẹ̀ sí ilé àgbẹ̀ òyìnbó kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Harriet kì í ṣe ẹrú, kò sì sí gbèsè tí a tìtorí rẹ̀ fi í ṣe ìwọ̀fà. Síbẹ̀ ó sìn nínú ilé náà títí ó fi bàlágà.

Ní ọdún 1851, ó fẹ́ Thomas Wilson. Ọkọ kò dúró tì í; ilé àwọn aláìní ni ó bí George, ọmọ rẹ̀, sí. Àìsàn kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́, ni ó bá mú kálàmù, kí ó lè rí owó tọ́ ọmọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1859, a tẹ Our Nig jáde ní Boston. Orúkọ èébú tí wọ́n ń pe Frado, ọmọ-ọ̀dọ̀ inú ìtàn náà, ni àkọlé yìí. Òǹkọ̀wé sọ ìtàn náà bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n nínú àkọlé orí kìn-ín-ní, ó pe ìyá Frado ní ìyá òun fúnra rẹ̀.

Ìwé náà kò tà. Àwọn tí ń gbógun ti ẹrú níní ń nàka sí Gúúsù; Harriet fi hàn pé pàṣán wà ní Àríwá pẹ̀lú. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ìwé jáde tí ibà fi pa George, ọmọ ọdún méje. Ìyá rẹ̀ ta oògùn irun kiri, ó sì di ilú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin àwọn tí ó gbà pé òkú a máa bá alààyè sọ̀rọ̀. Ó kú ní Quincy ní ọdún 1900.

Nínú àwọn díẹ̀ tí ó mọ ìwé náà lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ rò pé òyìnbó ni ó kọ ọ́. Henry Louis Gates, ẹni tí Wọlé Ṣóyínká kọ́ ní Cambridge, ni ó tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó rí ni ìwé ẹ̀rí ikú George, níbi tí a kọ ọ́ sí pé aláwọ̀ dúdú ni ọmọ náà. Ní ọdún 1983 a tún ìwé náà tẹ̀.

Ìwé tí ìyá kọ kò lè gba ọmọ sílẹ̀; ìwé ikú ọmọ ni ó gba orúkọ ìyá lọ́wọ́ ìgbàgbé.